Ọkọ̀ Tí Ó La Ìgbà Òtútù Kọjá

Ìwàásù tí akọ̀wé ìjọ ṣe ní Ọjọ́ Ìsinmi kejì nínú Ádífẹ́ǹtì. Ibi kíkà: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí 27, ẹsẹ 9 títí dé 20.

Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ yín. Ìwé ni iṣẹ́ mi nínú ìjọ yìí, kì í ṣe orí àga ìwàásù. Èmi ni mo ń kọ orúkọ àwọn ọmọ tí a ṣe ìrìbọmi fún, èmi ni mo ń ka owó ọrẹ tí mo sì ń mú un lọ sí bánkì, èmi náà ni mo sì ń tẹ ìwé ìsìn tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí. Ṣùgbọ́n Alùfáà wa rìnrìn àjò, wọ́n sì ní kí n dúró ní ipò wọn. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá ẹlòmíràn, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mo mọ̀ pé bí mo bá gun ibí yìí, n kò ní lè ṣàì sọ ọ́. Wọ́n ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí n sọ ọ́. Tótó, ó ṣe bí òwe, ẹ̀yin àgbà.

Ẹ ti gbọ́ ibi kíkà náà. Ẹlẹ́wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù ní àkókò yìí, Júlíúsì balógun ọ̀rún sì ni ó ń mú un lọ sí Róòmù. Ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ jẹ́ ti Alẹkisáńdíríà, ó kó àlìkámà, ènìyàn 276 sì wà nínú rẹ̀. Lúùkù sọ fún wa pé Ààwẹ̀ ti kọjá. Ààwẹ̀ tí ó ń wí ni ti ọjọ́ ètùtù àwọn Júù, tí ó máa ń bọ́ sí oṣù September tàbí October. Nítorí náà ohun tí ó ń sọ ni pé ìgbà òtútù ti dé ẹnu ọ̀nà, àkókò tí àwọn atukọ̀ ayé ìgbà náà máa ń so ọkọ̀ wọn mọ́ èbúté títí ooru yóò fi padà. Pọ́ọ̀lù kìlọ̀ fún wọn. Ẹni tí ó ni ọkọ̀ ní kí wọ́n máa lọ, ọ̀gá atukọ̀ ní kí wọ́n máa lọ, balógun ọ̀rún sì gba ti àwọn wọ̀nyí ju ti ẹlẹ́wọ̀n lọ. N kò dá a lẹ́bi púpọ̀. Bí mẹkáníìkì bá sọ ohun kan fún mi nípa mọ́tò, tí akọ̀wé ìjọ sì sọ òmíràn, ti mẹkáníìkì ni èmi náà máa gbà.

Lẹ́yìn náà ni atẹ́gùn gúúsù bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ jẹ́jẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti bàjẹ́. Wọ́n rò pé ọwọ́ wọn ti tẹ ohun tí wọ́n ń wá, wọ́n tú okùn, wọ́n ń lọ lẹ́bàá Kírétè. Kò pẹ́ tí ìjì líle fi já lù wọ́n láti ìhà àríwá ìlà-oòrùn. Ẹ fi ìhà yẹn sí ọkàn, nítorí pé láti ibẹ̀ náà ni ọyẹ́ tiwa ti ń wá.

Inú mi dùn pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Yorùbá ní fún èyí tí ó ń rìn lórí omi àti èyí tí ó ń rìn lórí ilẹ̀. Òyìnbó ní orúkọ méjì fún wọn. Àwa ń pe méjèèjì ní ọkọ̀, ẹni tí ó bá sì gbọ́ pé ọkọ̀ kan fẹ́ bàjẹ́ ní ìgbà òtútù kò níláti béèrè bóyá ti òkun ni tàbí ti títì kí ó tó gbàdúrà.

Ẹ jẹ́ kí n wá sí ti títì. Mo ní àbúrò kan, ọmọ ìyá mi ni, tí ó lọ sí Toronto ní Kánádà ní ọdún 2017. Ó ríṣẹ́, ó ń fi owó ránṣẹ́ sílé, ó sì wà nínú ìjọ àwọn Yorùbá níbẹ̀. Ní ọdún 2019 ó ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ onílẹ̀kùn méjì kan tí ẹlòmíràn ti lò, irú èyí tí wọ́n ṣe fún eré sísá, tí ó rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá ga yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀ kí ó tó wọ inú rẹ̀. Ó pupa bí ẹ̀jẹ̀. Ó ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, ìyá wa sì fi hàn gbogbo àdúgbò. Ẹ rántí Jéhù nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 9, tí olùṣọ́ orí ilé ìṣọ́ kò rí ojú rẹ̀ rárá ṣùgbọ́n tí ó ti mọ̀ ọ́n láti ọ̀nà jíjìn nípa bí ó ti ń sá kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kíkankíkan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń mọ àbúrò mi bí ó bá ń bọ̀ ní ìsìn.

Ṣùgbọ́n irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọmọ òtútù. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí, iwájú sì ni ìwúwo pọ̀ sí. Nítorí náà bí títì bá ń yọ̀, ìdí rẹ̀ a máa fẹ́ ṣáájú orí. Táyà tí ó bá a wá jẹ́ táyà ìgbà ooru, tí rọ́bà rẹ̀ máa ń le bí pákó nígbà tí òtútù bá ti lọ sí ìsàlẹ̀ ìwọ̀n 7 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Òfin wà ní Quebec, ìgbèríko tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, pé láti ọjọ́ kìíní oṣù December títí di ọjọ́ 15 oṣù March, gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ táyà ìgbà òtútù. Ní Ontario tí Toronto wà, òfin kò fi ipá mú ẹnikẹ́ni. Àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò kàn gbọ́dọ̀ dín owó kù fún ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́ ni. Àbúrò mi ní owó tí wọn yóò dín kù náà kò tó ra táyà kan.

Àwọn tí ó gbọ́n nínú àwọn tí ó ní irú ọkọ̀ yìí kì í wà á nínú òjò dídì rárá. Bí oṣù November bá ti ń wọlé, wọn a fọ̀ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọn a kún táńkì rẹ̀ fún epo bẹntiróò kí omi má baà ráyè sẹ̀ sínú rẹ̀, wọn a tú bátìrì tàbí kí wọ́n fi iná díẹ̀díẹ̀ máa bọ́ ọ, wọn a fẹ́ táyà le díẹ̀ sí i, wọn a sì gbé e sínú gáréèjì gbígbẹ lábẹ́ aṣọ. Ògbólógbòó ọkọ̀ kan tí kò ní láárí ni wọn a máa wà títí òtútù yóò fi lọ. Ó dà bí ẹni tí ó ní agbádá sányán, tí ó sì mọ̀ pé kì í ṣe òun ni a fi ń lọ sí oko. Ní Winnipeg, níbi tí òtútù ti le ju ti Toronto lọ, wọ́n tilẹ̀ máa ń fi wáyà so ẹ́ńjìnnì mọ́ iná mànàmáná ní òru kí ó má baà dì. Bí ó bá jẹ́ ní Abuja níhìn-ín ni, ta ni iná rẹ̀ yóò dúró títí ilẹ̀ yóò fi mọ́?

Àbúrò mi gbọ́ gbogbo èyí. Àwọn àgbà inú ìjọ rẹ̀ sọ fún un. Ó ní ọkọ̀ tí òun fi òógùn ojú rà, òun kò lè fi aṣọ bò ó mọ́lẹ̀ fún oṣù mẹ́rin kí òun wá máa wọ bọ́ọ̀sì. Ìgbà òtútù mẹ́ta ni ó fi wà á. Ní èyí àkọ́kọ́ ọkọ̀ náà yí po lójú ọ̀nà, ó sì lọ fi ìdí gún òkìtì òjò dídì. Kò sí ohun tí ó ṣe é. Atẹ́gùn gúúsù ni ìyẹn, ẹ̀yin ará mi. Ó sọ fún mi lórí tẹlifóònù pé Ọlọ́run ń bẹ lẹ́yìn òun, mo sì dáhùn pé àmín.

Ohun tí kò rí ni iyọ̀. Ní ìlú wọ̀nyẹn, bí òjò dídì bá ti rọ̀, ìjọba a máa da iyọ̀ sí títì, nítorí pé omi tí ó ní iyọ̀ nínú kì í tètè dì. Iyọ̀ náà ń gba ẹ̀mí ènìyàn là, ó sì ń jẹ irin. Táyà a fọ́n omi iyọ̀ náà sí abẹ́ ọkọ̀, yóò lẹ̀ mọ́ kọ̀rọ̀ ibi tí ojú kò dé, lókè ẹsẹ̀ ọkọ̀, lẹ́bàá ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, lára àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń gbé òróró bíréèkì lọ sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tí kò bá fọ abẹ́ rẹ̀ lóòrèkóòrè, tí kò sì fi òróró kùn ún kí òtútù tó dé, yóò ní ọkọ̀ tí òkè rẹ̀ ń dán tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ti dógùn-ún. Olúwa wa sọ̀rọ̀ nípa ìpáàrà nínú Ìwàásù Orí Òkè, Mátíù orí 6. Tẹ́lẹ̀ rí, èmi máa ń rò pé owó inú àpótí ni ó ń bá wí.

Ní ọdún 2022 ìyá wa ṣubú ní ilé ìdáná, egungun ìbàdí rẹ̀ sì kán. Àwọn dókítà ní àfi kí àwọn ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Owó tí wọ́n dá lé e ju ohun tí akọ̀wé ìjọ lè rí lọ. Àbúrò mi sì ti padà sí ilé ẹ̀kọ́ ní àkókò náà, owó rẹ̀ kò ju ti oúnjẹ lọ. Ó ní ohun kan ṣoṣo tí ó kù fún òun ni ọkọ̀ náà. Òun yóò gbé e ránṣẹ́ sí mi, kí n tà á ní Abuja, níbi tí àwọn ènìyàn tí ó fẹ́ràn irú rẹ̀ wà. Láti oṣù January 2017 ni ìjọba wa ti fi òfin dí mímú ọkọ̀ wọlé láti ẹnubodè orí ilẹ̀, nítorí náà kò lè gba Kútọnu àti Sèmè bí ti àtijọ́. Àpápá ni ó gúnlẹ̀ sí, ní oṣù November. Nígbà tí a ó fi san owó orí rẹ̀ tí dírẹ́bà sì gbé e dé Abuja, ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà sí ọyẹ́ díẹ̀, nítorí pé púpọ̀ nínú wa ni yóò wà nínú rẹ̀ lójú ọ̀nà ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i. A máa ń sọ pé àwa kò ní ìgbà òtútù. Ọyẹ́ ni tiwa. Púpọ̀ nínú erùpẹ̀ tí ń bò wá lójú ń wá láti ibi kan tí wọ́n ń pè ní Bodélé ní ilẹ̀ Ṣáàdì, tí ó jẹ́ ìsàlẹ̀ adágún omi ńlá kan ní ayé àtijọ́. Omi náà gbẹ, ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ di lẹ́búlẹ́bú, atẹ́gùn sì ń kó o wá sí Gwagwalada àti Kubwa títí dé etí òkun Èkó. Erùpẹ̀ yìí ni ó ń dí ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí, tí ọkọ̀ yóò fi máa jẹ epo bí ẹni tí ebi ń pa. Bí ẹ bá fi apá tí ń nu gíláàsì gbá a láìkọ́kọ́ da omi sí i, gíláàsì yóò ha, bí oòrùn bá sì kọjú sí yín lọ́nà Lokoja ẹ kò ní rí ohunkóhun mọ́. Bí ẹ bá fi aṣọ bo ọkọ̀ tí erùpẹ̀ ti wà lára rẹ̀, aṣọ náà yóò máa fi erùpẹ̀ họ ọ̀dà rẹ̀. Rọ́bà etí ilẹ̀kùn a gbẹ, awọ àga a sán. Ní òwúrọ̀ tí òtútù mú, afẹ́fẹ́ inú táyà yóò sún kì, táyà yóò sì rọ̀. Ẹni tí ó bá kó ẹrù àti ènìyàn sí orí táyà rírọ̀ tí ó sì sáré lórí títì gbígbóná ní ọ̀sán, òun ni ó ń bẹ táyà pé kí ó bẹ́. Àárọ̀, kí ẹ tó gbéra, ni kí ẹ wọn ín.

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà náà pẹ̀lú. Nọ́ńbà mẹ́rin wà níbẹ̀: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún tí wọ́n ṣe é. Bí ẹ bá rí 3519, ọ̀sẹ̀ 35 nínú ọdún 2019 ni. Ìlànà ilẹ̀ wa ni pé kí a má lò ó ju ọdún 4 lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wà ní ṣọ́ọ̀bù láìlò. Àwọn oníṣòwò wa tí ń ta táyà mọ nọ́ńbà yìí dáadáa. N kò wí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan èmi fúnra mi báyìí.

Mo gbé ọkọ̀ pupa náà lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ ibi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ó gbé ọkọ̀ sókè, ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó pè mí pé kí n wá wò ó. Ó ti ṣukudíráfà bọ irin kan, ṣukudíráfà sì wọlé bí ẹni pé àkàrà ni. Ó fi ọwọ́ ra ọ̀pá bíréèkì, ìpẹtà sì ń já bọ́ lára rẹ̀ bí èèpo igi. Ó ní bí ẹnìkan bá tẹ bíréèkì yìí mọ́lẹ̀ lójijì pẹ̀lú agbára, ọ̀pá náà lè bẹ́, òróró yóò tú jáde, ẹsẹ̀ ẹni náà yóò sì lọ kan ilẹ̀ láìsí ohun tí yóò dá ọkọ̀ dúró.

Mo béèrè iye tí yóò gbà láti pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ó sọ ọ́, mo jókòó sí orí táyà kan tí ó wà nílẹ̀. Ó wo ojú mi, ó sì ṣàánú mi. Mo gbàgbọ́ pé àánú ni. Ó ní, “Bọ̀dá, ṣé ẹ fẹ́ wà á ni àbí ẹ fẹ́ tà á? Bí ẹ bá fẹ́ tà á, ẹ jẹ́ kí n fi páànù bo ibẹ̀, kí n sì fi ọ̀dà dúdú kun gbogbo abẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀.”

Mo ní kí ó ṣe é. Ẹ̀yin ará mi, èmi tí mo dúró níhìn-ín, mo sanwó fún un, mo sì gba rìsíìtì.

Ẹ̀gbọ́n kan nínú ìjọ yìí gbọ́ pé mo ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní títà. Ó wà láàárín wa lónìí, ó sì gbà kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wo ẹ̀yìn láti wá a. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ó kù díẹ̀ kí ó fẹ̀yìn tì ní ìgbà náà. Ó sọ fún mi pé láti ìgbà tí òun ti jẹ́ akọ̀wé kékeré ní Èkó, kí wọ́n tó gbé àwọn wá sí Abuja lẹ́yìn ọdún 1991, ni òun ti ń wo irú ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì yìí lára àwọn ọ̀gá, tí òun sì ń sọ pé ọjọ́ kan ń bọ̀. Ó yí i po. Ó tẹ̀ba, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó rí dúdú tí ń dán, ó yìn ín. Ó ní bí òun bá ti sanwó ní ọjọ́ Ẹtì, òun àti ìyàwó òun ni yóò fi ṣe ìrìn àjò Kérésìmesì lọ sí Ìkàrẹ́, láti Abàjí dé Lokoja, kí wọ́n sì gba àwọn òkè Òkénè.

Gbogbo wa ni a mọ ọ̀nà yẹn. A mọ iye tírélà tí ó wà lórí rẹ̀, a sì mọ bí ènìyàn ti ń tẹ bíréèkì níbẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, kì í dẹ́kun ìkìlọ̀ fún wa lọ́dọọdún nípa àwọn oṣù tí orúkọ wọn parí sí “ber”. Mo mọ gbogbo èyí nígbà tí mo ń bá a dúnàádúrà, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Mo ń rò ó nínú mi pé ọkọ̀ náà ti la ìgbà òtútù mẹ́ta kọjá, báwo ni Òkénè yóò ṣe wá pa á. Mo ń rò pé màmá mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ má rò pé ọkàn mi dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọkàn mi ń sọ̀rọ̀ gan-an, ohun tí ó sì ń sọ dùn létí.

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo jókòó láti tẹ ìwé ìsìn Ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ mọ ojú ewé ìkẹyìn, níbi tí a ti ń kọ orúkọ àwọn tí yóò rìnrìn àjò, kí ìjọ lè fi wọ́n lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n ti fi orúkọ àwọn méjèèjì ránṣẹ́ sí mi. Mo tẹ orúkọ bàbá. Mo tẹ orúkọ ìyá. Mo tẹ ọ̀rọ̀ àdúrà tí a máa ń tẹ̀ síbẹ̀, pé kí Olúwa mú wọn lọ kí ó sì mú wọn bọ̀. Ọwọ́ mi dúró.

Mo wo ìwé náà pẹ́. Ó yé mi pé mo ń bẹ Ọlọ́run kí ó ṣọ́ àwọn méjì lọ́wọ́ ohun tí èmi fúnra mi kùn ní dúdú. Bí wọ́n bá dé Ìkàrẹ́ láyọ̀, n ó sọ pé Ọlọ́run gbọ́ àdúrà. Bí wọn kò bá dé, èmi náà ni n ó tẹ ìwé ìsìn ìsìnkú wọn, tí n ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé Olúwa ni ó fún ni, Olúwa ni ó sì gbà á.

Ohun kan wà nínú ẹsẹ 17 tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Nígbà tí ìjì náà le, àwọn atukọ̀ gba okùn kọjá lábẹ́ ọkọ̀, wọ́n sì fi dì í yíká kí ó má baà fọ́. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n dè. Nígbà tí wọ́n wà ní èbúté tí wọ́n ń jiyàn pẹ̀lú Pọ́ọ̀lù, kò sí ẹni tí Lúùkù kọ pé ó bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ibi tí ó dára láti lo ìgbà òtútù ni wọ́n ń sọ.

Mo wọ bàtà, mo gba ilé Ẹ̀gbọ́n lọ ní Lugbe. Agogo mẹ́wàá alẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù, ọyẹ́ sì mú. Ó ṣílẹ̀kùn fún mi pẹ̀lú aṣọ òru lọ́rùn. Ó ní, “Akọ̀wé, kí ló dé ní irú àkókò yìí? Ṣé kò sí?” Mo dọ̀bálẹ̀, n kò sì dìde títí mo fi sọ gbogbo rẹ̀ tán, ọ̀pá bíréèkì, páànù, ọ̀dà, àti iye tí mo san fún un.

Kò dáhùn fún ìgbà pípẹ́. Ó béèrè pé, “Ta ni ó tún mọ̀?” Mo ní kò sí, àfi mẹkáníìkì. Ó ní, “Kí ló wá dé tí o fi wá?” Mo fi ìwé ìsìn tí mo ti tẹ̀ hàn án. Ó kà á, ó pe ìyàwó rẹ̀, ó sì fi hàn án. Ìyá náà kò sọ nǹkankan. Ó gbé omi wá fún mi. Ẹ̀gbọ́n ní kí n máa lọ sílé, pé òun kò ra ọkọ̀ mọ́. Wọ́n fi bọ́ọ̀sì lọ sí Ìkàrẹ́, wọ́n sì fi bọ́ọ̀sì bọ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ìtàn náà parí, bóyá mo ti sọ ọ́ tipẹ́. Lẹ́yìn Kérésìmesì, Ẹ̀gbọ́n padà wá bá mi, ó ní òun ṣì fẹ́ ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n iye tí òun yóò san ni iye tí ọkọ̀ tí ó dógùn-ún tó. Kò tó ìdajì ohun tí a jọ ti sọ. Òótọ́ ni ó sọ, iye rẹ̀ nìyẹn. Ó gbé e fún ẹlòmíràn tí ó gé gbogbo ibi tí ó ti jẹrà kúrò, tí ó sì pààrọ̀ gbogbo ọ̀pá bíréèkì. Owó tí ó wọlé fún ìyá wa kò tó. Oṣù January àti February 2023 dé, ẹ rántí bí owó náírà ṣe wọ́n nígbà náà tí a ń tò ní ẹnu ọ̀nà bánkì láti òwúrọ̀ kùtù, tí a kò sì rí ohun gidi gbà. Ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù ìjọ wa ni ó yá mi ní èyí tí ó kù, mo sì tún dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lónìí. Oṣù April ni wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Dókítà sọ fún mi ní pẹ̀lẹ́tù pé, bí ó bá ti yá ju bẹ́ẹ̀ lọ ni, ìbá dára jù. Ọ̀pá ni màmá mi fi ń rìn títí di òní.

Àbúrò mi pè mí ní alẹ́ ọjọ́ tí mo sọ fún un. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti fi ẹsẹ̀ màmá wa ra ọkàn yín padà.” Ó pa tẹlifóònù. Láti Ádífẹ́ǹtì títí ó fi kọjá Ọjọ́ Àjíǹde kò bá mi sọ̀rọ̀. Mo ti wá èsì sí ọ̀rọ̀ tí ó sọ yẹn nínú Bíbélì mi, mo sì ti bi Alùfáà wa léèrè. Wọn kò fún mi ní èsì tí ó yá kíákíá, mo sì dúpẹ́ pé wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ ni pé wọ́n da àlìkámà inú ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù sínú òkun, ọkọ̀ náà sì fọ́, àwọn ènìyàn 276 sì gúnlẹ̀. Wọ́n ní kí n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi pé kò sí ẹni tí ó pàdánù nǹkan ní ọjọ́ náà, nítorí pé àlìkámà ẹnìkan ni.

Àbúrò mi ń bá mi sọ̀rọ̀ nísinsìnyí. Ó ní ọkọ̀ mìíràn, onílẹ̀kùn mẹ́rin, ó sì ra táyà ìgbà òtútù fún un. Màmá kò béèrè rí bí ọ̀rọ̀ owó náà ti jẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti pè wọ́n ní alẹ́ Ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bi mí léèrè nípa àwọn ọmọ, wọn a béèrè pé, “Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n yẹn ń kọ́? Ṣé bíréèkì rẹ̀ ṣì ń mú?” Mo máa ń sọ pé ó ń mú, Màmá.

Ọjọ́ Sátidé tí ń bọ̀, láti agogo méje òwúrọ̀, àwọn ará wa méjì tí wọ́n jẹ́ mẹkáníìkì yóò wà ní iwájú ilé ìsìn pẹ̀lú jáàkì àti ìwọ̀n táyà. Ẹni tí yóò bá rìnrìn àjò kí ó mú ọkọ̀ rẹ̀ wá kí wọ́n wo abẹ́ rẹ̀. A kì yóò gba kọ́bọ̀. Mo ti ya ojú ewé ìkẹyìn sí méjì: orúkọ àwọn arìnrìn-àjò wà ní apá kan, mo sì fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan kí ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́rin tí ẹ bá rí lára táyà yín síbẹ̀ kí a tó gbàdúrà.